Ìròyìn Ń Kọjá, Omi Kò Kúrò

Bí a bá ju òkò sínú adágún Aṣéjìré, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu, òrùka omi yóò yọ lójú ibi tí òkò bọ́ sí. Òrùka náà yóò máa fẹ̀, yóò máa fẹ̀, títí yóò fi kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ apẹja. Ojú lásán yóò sọ pé omi ló ń sá lọ sí etí bèbè. Ẹ jẹ́ ká wo ewé gbígbẹ kan tó léfòó síbẹ̀. Bí òrùka ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ewé gòkè díẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ó mì síwájú, ó mì sẹ́yìn. Òrùka kọjá, ewé kò kúrò níbi tó wà. Omi tó gbé ewé náà dúró kò sì kúrò. Ohun tó rin ìrìn-àjò dé bèbè kì í ṣe omi. Mímì omi ni.

Ìgbì ni à ń pe irú ìrìn bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun kan nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí mo bọ̀wọ̀ fún tó o. Bí ìròyìn ṣe ń ti ẹnu ẹlẹ́ja dé ẹnu aláta, tí ó ń ti ẹnu aláta dé ẹnu ẹlẹ́lùbọ́ lọ́jà, láìsí ẹni tó dìde nídìí igbá rẹ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì ṣe ń ré kọjá lára ohun tó gbé e. Agbára ló ń kọjá. Nǹkan fúnra rẹ̀ ń padà sí àyè rẹ̀. Ìgbì ńláńlá tó ń fọ́ sí etíkun Èkó, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí ìjì ru sókè ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí wa. Omi tí ìjì náà fẹ́ lu ṣì wà lọ́hùn-ún. Ìyà tó jẹ ẹ́ nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wa.

Alákìá kò ní òkun. Ìhà ìlà-oòrùn Ìbàdàn ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, níbi tí ìlú ti ń jẹ oko díẹ̀díẹ̀ tí oko kò sì tíì gbà tán. Pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn wà níbẹ̀. Ọ̀nà tó lọ sí Ẹgbẹ́dá, sí Aṣéjìré, sí Ifẹ̀, kò jìnnà sí i, pẹ̀lú ariwo tírélà àti ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì. Láti ibẹ̀ dé etíkun lé ní 100 kìlómítà. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbé àga síwájú ilé ní Alákìá ní ìrọ̀lẹ́, àárín ìgbì ló jókòó sí: ìgbì ohùn, ìgbì ìmọ́lẹ̀, ìgbì rédíò, tí wọ́n ń gba ara wọn kọjá níwájú rẹ̀ láìfarapa.

Ohun mẹ́ta ni a fi ń mọ ìgbì kan yàtọ̀ sí òmíràn. Gíga rẹ̀ ni èkíní, ìyẹn bí orí rẹ̀ ṣe ga tó ju ìgbà tí nǹkan náà dúró jẹ́ẹ́. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń fara hàn. Gígùn rẹ̀ ni èkejì, láti orí ìgbì kan dé orí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni iye ìgbà tó ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí gbogbo ayé fi orúkọ Heinrich Hertz ará Jámánì wọ̀n. Bí a bá fi gígùn sọ iye ìgbà di púpọ̀, eré tí ìgbì ń sá ni yóò jáde. Ìṣirò náà kò le. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni ẹni tó ni àṣẹ lórí èwo. Ẹni tó lu nǹkan ló ń pinnu iye ìgbà. Ohun tí ìgbì ń gbà kọjá ló ń pinnu eré. Gígùn kò ní àṣẹ kankan, ohun tó bá ṣẹ́ kù ló ń mú. Ìdí nìyẹn tí ìlù tí wọ́n lù kíkankíkan kì í fi yára dé etí ju èyí tí wọ́n rọra lù lọ. Afẹ́fẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì gbà, eré kan náà ni wọ́n sì ń sá: nǹkan bíi mítà 346 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí ooru bá wà ní ìwọ̀n 25. Nínú omi, ohùn ń sáré tó nǹkan bíi mítà 1,500. Nínú irin, ó tó bíi mítà 5,000, débi pé ẹni tó bá fi etí lé irin gígùn yóò gbọ́ ìró òòlù lẹ́ẹ̀mejì, ti irin ṣáájú, ti afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e. (Kí ẹnikẹ́ni má lọ dán an wò lójú irin Mọníyà o.)

Ìgbì ohùn kì í gòkè sọ̀kalẹ̀ bíi ti omi. Afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀ tó sì ń tú ká, síwájú àti sẹ́yìn, ní ọ̀nà kan náà tí ohùn gbà ń lọ. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ràn láti fi okùn tí wọ́n so mọ́ ara ògiri kọ́ ọmọ nípa ìgbì, wọn a sì ya àwòrán kan tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bíi páànù òrùlé. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá dàgbà sí abúlé àyíká Ẹgbẹ́dá tàbí Lágelú ti rí ohun èlò tó ṣe é kọ́ni ju okùn lọ lọ́nà jíjìn. Ó ti rí ìyáàlù.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ìyáàlù dùndún dáadáa. Igi tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ jáde ni, tó fẹ̀ lókè, tó fẹ̀ nísàlẹ̀, tí ìbàdí rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo ojú méjèèjì. Láti etí awọ kan dé etí awọ kejì ni osán ti ń lọ, ọ̀já awọ tín-ín-rín tó pọ̀ gan-an, tí wọ́n tò yí ìlù náà ká. Ṣaworo wà létí awọ. Àyàn fi ọ̀já ìfikọ́ gbé e kọ́ èjìká, ó fi ọwọ́ kan di osán mú, ó fi kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ lórí mú ti ọwọ́ kejì. Nígbà tí kọ̀ǹgọ́ bá kan awọ, ìgbì kan yóò sá láti ojú ibi tó kàn lọ sí etí, etí yóò dá a padà, àlọ àti àbọ̀ yóò pàdé, gbogbo ojú awọ yóò sì máa mì sókè sódò ní iye ìgbà kan pàtó. Afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní ohun mìíràn láti ṣe ju kí ó máa mì bó ṣe ń mì. Bí ìlù ṣe ń fọhùn nìyẹn.

Wàyí o, àyàn fún osán mọ́ ìhà. Osán fa awọ, awọ le. Ìgbì máa ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lórí awọ tó le, bẹ́ẹ̀ ojú ìlù kò fẹ̀ sí i, kò sì dín kù. Àlọ àti àbọ̀ di kíákíá, iye ìgbà tí awọ ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá pọ̀ sí i, etí wa sì gbọ́ ohùn òkè. Àyàn tú ọwọ́ sílẹ̀, awọ dẹ̀, ohùn sọ̀kalẹ̀. Gbogbo òfin tí mo kà sílẹ̀ níbí wà nínú apá ọkùnrin kan. Òfin náà ní ìnira tirẹ̀: láti mú kí iye ìgbà tí awọ ń mì di ìlọ́po méjì, fífà rẹ̀ ní láti di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ohùn òkè fi ń gba agbára lọ́wọ́ àyàn ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ, tí iṣẹ́ sì ń hàn lójú rẹ̀ bó bá ń ki ẹni tí oríkì rẹ̀ gùn.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìyáàlù nínú agbo náà ń jẹ́rìí sí i. Kànàngó kéré, ojú rẹ̀ kò fẹ̀, ìgbì kì í rìn jìnnà kó tó padà, nítorí náà ohùn rẹ̀ ga gan-an bí ìgbà tí ọmọdé ń ké. Gúdúgúdú kò ní osán tí wọ́n ń fún. Ìda ni wọ́n fi lẹ àárín awọ rẹ̀. Ìda wúwo, ohun tó wúwo kì í yára mì, nípa bẹ́ẹ̀ wọ́n rí ohùn tí wọ́n ń fẹ́. Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin a máa mú awọ dẹ̀, ẹ ó sì rí onílù tó ń yá ìlù rẹ̀ sí oòrùn tàbí sí iná kó tó jáde. Kò sí èyí tí wọ́n kọ́ nínú ìwé físíìsì nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn baba tó kọ́kọ́ so osán mọ́ igi kò kọ ìṣirò kankan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn mọ̀ pé ohun mẹ́ta ló ń darí ohùn awọ, bó ṣe tóbi tó, bó ṣe le tó àti bó ṣe wúwo tó, ohun mẹ́ta náà gan-an ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù sì rí nígbà tí wọ́n wọn okùn dùùrù.

Ohun tí ìlù kò lè gbé ni mo tún fẹ́ kí a kíyè sí. Ẹnu ènìyàn ń fi ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ń fi ètè, eyín àti ahọ́n gé ọ̀rọ̀ náà. Ìlù gba ti àkọ́kọ́, ó fi ti èkejì sílẹ̀. Iye ìgbà mímì nìkan ló ń dé etí, ẹni tó ń gbọ́ ló ń wá ọ̀rọ̀ sí i lára. Àwọn àgbà Ìbàdàn ò ní gbàgbé ìlù tí iléeṣẹ́ rédíò ìjọba fi ń kéde ara rẹ̀ láyé ọjọ́un. Ohun tí iléeṣẹ́ ní lọ́kàn ni orúkọ ara rẹ̀. Àwọn ará ìlú gbọ́ ohùn kan náà, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ nípa ẹni tí yóò jẹ Olúbàdàn tẹ̀ lé èyí tó wà lórí oyè, ọmọdé àti àgbà sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ìgbì kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé ohun tó lè gbé.

Ìlù abúlé kejì máa ń dún ketekete létí wa lóru ju ọ̀sán lọ, gbogbo ará oko ló mọ̀ ọ́n, wọ́n sì máa ń sọ pé nítorí pé òru dákẹ́ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ní ọ̀sán, ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́lẹ̀ gbóná ju ti òkè lọ. Ohùn a máa sáré nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná ju nínú èyí tó tutù lọ, nǹkan bíi ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá mítà fún ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ìgbì wá ń sáré ju orí rẹ̀ lọ, ìgbì náà tẹ̀ sókè, ó sì gba orí wa kọjá lọ sójú ọ̀run. Tó bá di òru, pàápàá nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ á tutù, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á tutù, ti òkè á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Orí ìgbì ló wá ń sáré nísinsìnyí. Ó tẹ̀ wálẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀. Ìsìn àìsùn tí wọ́n ń ṣe ní òdìkejì odò, a gbọ́ orin rẹ̀ lórí ibùsùn. Ìpè ládàáni ìdájí rin ọ̀nà jíjìn. Afẹ́fẹ́ ni gbohùngbohùn wọn, kì í ṣe spíkà nìkan.

Ọ̀rọ̀ spíkà mú mi dé òde ìnáwó. Kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í ṣe é ní Alákìá. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ojúlé kẹta sí ibi ayẹyẹ yóò gbọ́ bàsì, gbì, gbì, gbì, títí ilẹ̀ á fi ṣú, bẹ́ẹ̀ kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu olórin. Kí ló dé tí bàsì nìkan fi ń dé? Ohùn tó ń mì nígbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá gùn ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta àtààbọ̀. Ohùn tín-ín-rín bíi ti ṣaworo, tó ń mì nígbà 5,000, kò ju sẹ̀ǹtímítà méje lọ. Ìgbì máa ń yí ẹ̀gbẹ́ ohun tó bá kéré sí gígùn rẹ̀ tàbí tó bá a dọ́gba kọjá wẹ́rẹ́. Ohun tó bá tóbi jù ú lọ púpọ̀ ló ń dí i lọ́nà. Ògiri ilé kan kò jẹ́ nǹkan kan lójú bàsì. Ó yí i ká, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó tún tan káàkiri inú yàrá bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà náà gan-an ni wọ́n ti lù ú. Ohùn ṣaworo bá ògiri pàdé, ó dúró síbẹ̀.

Nínú àgọ́ ayẹyẹ náà, ohun mìíràn tún ń ṣẹlẹ̀ tí àwọn àlejò kì í fura sí. Bí spíkà méjì bá ń gbé ohùn kan náà jáde lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àwọn ibì kan wà tí ìgbì méjèèjì ti ń gòkè pa pọ̀, ohùn á ki níbẹ̀. Àwọn ibì kan wà tí ọ̀kan ti ń gòkè nígbà tí èkejì ń sọ̀kalẹ̀; wọ́n á pa ara wọn, ohùn á ṣá. Ẹni tó jókòó sí àga kan lè máa di etí, kí ẹni tó wà ní àga kẹta sí i máa sọ pé bàsì ò dún. Ohun kan náà ni òkò méjì ń ṣe ní Aṣéjìré tí a bá jù wọ́n sómi lẹ́ẹ̀kan náà. Òrùka méjèèjì pàdé. Níbi tí orí bá orí, omi ga. Níbi tí orí bá kòtò, omi tẹ́. Lẹ́yìn náà ni èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìwà ìgbì: wọ́n gba inú ara wọn kọjá, òrùka kọ̀ọ̀kan sì bá tirẹ̀ lọ wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò pàdé ẹnikẹ́ni. Òkò méjì kò lè gba inú ara wọn kọjá. Ènìyàn méjì kò lè ṣe é. Ìgbì nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní ti àrá, kò gba àlàyé púpọ̀. Mọ̀nàmọ́ná ń dé ojú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀ ń sá ní 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àrá ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn. Kí a ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìgbà tí a rí mọ̀nàmọ́ná títí a fi gbọ́ àrá, kí a pín in sí mẹ́ta, iye kìlómítà tó wà láàárín àwa àti rẹ̀ nìyẹn. A kì í sábà gbọ́ àrá tó bá jìnnà kọjá nǹkan bíi 20 kìlómítà. Ìdí nìyẹn tí mọ̀nàmọ́ná fi lè máa kọ lókèèrè ní gbogbo alẹ́, tí ọmọ á máa béèrè pé, “Màámi, ṣé àrá ò sí níbẹ̀ ni?”

Ní ọdún 1842, Christian Doppler, ọmọ ilẹ̀ Austria, sọ pé bí ohun tó ń dún bá ń bọ̀ wá bá wa, iye ìgbà tó ń dé etí wa á pọ̀ ju iye tó jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ, tó bá sì ń lọ, á dín kù. Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Buys Ballot ní ilẹ̀ Netherlands kó àwọn afunfèrè sórí ọkọ̀ ojú irin, ó fi àwọn tí etí wọn mọ ohùn orin dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní kí ọkọ̀ máa sá. Fèrè kan náà ni wọ́n ń fun, ṣùgbọ́n ohùn tó ń bọ̀ ga, ohùn tó ń lọ wálẹ̀. Ó wù mí kó jẹ́ pé àwọn àyàn ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ náà. Àwọn tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ì bá ti rò pé ẹnìkan ń bá wọn fún osán. Lójú ọ̀nà Ifẹ̀, a ò nílò ọkọ̀ ojú irin: tírélà tó fọn fèrè láti òkèèrè, tó fọn ọ́n kọjá níwájú wa, tó sì ń fọn ọ́n lọ, ohùn rẹ̀ a máa ṣubú lójú ẹsẹ̀ bó ṣe ré wa kọjá. Awakọ̀ kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan nítorí òun àti fèrè rẹ̀ jọ ń lọ ni. Orí ìgbì tí fèrè ń tú síwájú ń fún pọ̀ nítorí fèrè ń lé wọn bọ̀. Àwọn ti ẹ̀yìn ń jìnnà síra nítorí ó ń sá fún wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìró bààlúù tó ń balẹ̀ sí Alákìá.

Bààlúù náà ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó balẹ̀, ìgbì ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́, ìgbì tí kò nílò omi, tí kò nílò afẹ́fẹ́, tó lè gba inú òfo kọjá láti ara ìràwọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. James Clerk Maxwell ará Scotland fi ìṣirò rí i ní àwọn ọdún 1860. Hertz fi iná mànàmáná ṣe é jáde nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1880. Àwọn awakọ̀ òfuurufú àti ilé ìṣọ́ pápákọ̀ ń lo èyí tó ń mì láàárín 118 mílíọ̀nù àti 137 mílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Gígùn rẹ̀ kò ju mítà méjì àti díẹ̀ lọ, kì í sì yí ẹ̀yìn òkè ńlá. Ojú ní láti rí ojú. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ibi gíga.

Ìbàdàn ti mọ irú ìgbì yìí tipẹ́. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ránṣẹ́ láti ìlú yìí, iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán tó fi jíjẹ́ àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà ki ara rẹ̀. Lóde òní, ẹni tó bá wà ní Alákìá tó sì fẹ́ gbọ́ iléeṣẹ́ rédíò Àmúlùdùn láti Mọníyà yóò yí rédíò rẹ̀ sí 99.1. Mílíọ̀nù ni nọ́ńbà náà ń kà: mímì mílíọ̀nù 99.1 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Kí a fi í pín eré ìmọ́lẹ̀, mítà mẹ́ta ni yóò jáde. Ọ̀pá ẹ́ríà tó bá gùn tó ìdá mẹ́rin gígùn ìgbì ló máa ń gbà á dáadáa, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75. Ẹ fa ọ̀pá ẹ́ríà rédíò kékeré tó wà lórí tábìlì jáde tán, kí ẹ wọ̀n ọ́n; púpọ̀ nínú wọn kò jìnnà sí iye yẹn, kì í sì í ṣe ẹwà ni wọ́n ń ṣe. Àwọn àgbà tó ń gbọ́ mídíọ̀mù wéèfù mọ ẹ̀dá mìíràn. Ìgbì tiyẹn ń lọ sí mítà 300 ní gígùn, ó ń gun òkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ àfonífojì, tí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ìpele kan lókè ọ̀run tí oòrùn ti fún ní iná á dá a padà sílẹ̀ lọ́nà jíjìn. Bí ohùn àjèjì ṣe ń wọ rédíò bàbá wa lóru nìyẹn, láti ìlú tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ lọ́sàn-án.

Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ ọmọ ìyá wọn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni gígùn: ti pupa jẹ́ nǹkan bíi ìdá méje nínú ẹgbàárùn-ún mìlímítà, ti àwọ̀ àlùkò kò ju ìdá mẹ́rin lọ. Ohun tó kéré báyìí, níbo ni ojú ti lè rí i gẹ́gẹ́ bí ìgbì? Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni. Lẹ́yìn òjò, ọ́ìlì tó ti dà sílẹ̀ yóò tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú omi inú kòtò, àwọ̀ òṣùmàrè á sì yọ lórí rẹ̀, búlúù, pupa, wúrà, tó ń yí padà bí a ṣe ń sún. Ọ́ìlì kò ní àwọ̀ wọ̀nyẹn nínú. Ìmọ́lẹ̀ kan ta padà láti orí ọ́ìlì, òmíràn ta padà láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti kan omi. Àwọn méjèèjì pàdé lójú wa. Níbi tí ọ́ìlì ti nípọn tó iye kan, orí pupa bá orí pupa, pupa tàn. Níbi tó ti fẹ́lẹ́ díẹ̀ sí i, pupa pa ara rẹ̀, búlúù ló kù. Ọ̀rọ̀ spíkà méjì inú àgọ́ náà ni, tí wọ́n kọ sójú omi ẹlẹ́gbin. Bọ́ọ̀sì wá tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ fọ́, ó tún ń to ara rẹ̀ bọ̀.

Kò sí ìgbì tó ń lọ láìlópin nínú nǹkan tó ń gbé e. Díẹ̀díẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń di ooru, ooru tó kéré débi pé ara kò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń to ẹ̀rọ orin fún ayẹyẹ mọ ibi tí ohùn ń kú sí. Nínú gbọ̀ngàn òfìfo, ògiri àti ilẹ̀ tí wọ́n fi táìsì tẹ́ á máa dá ohùn padà, ọ̀rọ̀ kan á máa gun ẹ̀yìn èkejì, gbogbo rẹ̀ á di ariwo. Tí àlejò bá ti kún ibẹ̀, tí aṣọ òkè, agbádá àti gèlè ti bo àga gbogbo, aṣọ á gba ohùn, kò ní dá a padà mọ́. Nítorí náà ni ọmọ iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kì í fi gbẹ́kẹ̀ lé bó ṣe yí ẹ̀rọ ní àárọ̀. Ó ń dúró kí ìyàwó wọlé, kí ìjókòó kún, kó tó fa bàsì sókè.